Ẹni Kejì Tó Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Wọ́n kọ́ mi nílé pé a kì í pe àgbà ní "ó". "Wọ́n" ni mo máa pe bàbá mi nínú ìtàn yìí, bó ṣe yẹ kí ọmọ pe bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó fi ọdún méjì ju bàbá mi lọ, tí mo ti kúnlẹ̀ kí láìmọye ìgbà, "ó" ni mo máa pe òun. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì rò pé mo ṣàṣejù, ẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ká jọ sọ ọ́.

Bàbá mi ò ga, ọwọ́ wọn ló tóbi. Iṣẹ́ páìpù ni wọ́n ṣe nínú ọgbà kan tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ò tíì hù. Májòó ni gbogbo èrò ibẹ̀ ń pè wọ́n, nítorí pé páìpù tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn, jíjò rẹ̀ ti parí nìyẹn. Nílé, ká tó sùn, wọ́n á lọ yẹ ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wò lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá mi, kí ilẹ̀ dẹ̀ fún wọn, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ tún lọ wò ó lẹ́ẹ̀kẹrin, bóyá ó ti jí." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì lọ wò ó lóòótọ́.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ó gbàgbé láti ti ẹnu ọkọ̀.

Ẹ ò ní mọ ohun tó ń jẹ́ ẹnu ọkọ̀ àfi tí mo bá ṣàlàyé. Ihò kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi tí omi ń gbà wọlé láti mú ẹ́ńjìnì tutù. Ẹnu ìsàlẹ̀ ni àwọn bàbá mi ń pè é. Irin rìbìtì kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí, bí a ṣe ń yí ẹ̀rọ omi ilé, láti ṣí i àti láti tì í. Òfin ọgbà náà le lórí irin yìí. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pẹlẹbẹ idẹ kan tí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Mẹ́rìnlá ni ti bàbá mi. Ẹni tó bá ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ á so idẹ rẹ̀ mọ́ irin náà, kò sì sí ẹlòmíì tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí tí onídẹ á fi dé. Bó bá tì í tán, á yọ idẹ rẹ̀, á lọ gbé e kọ́ sórí ìṣó tirẹ̀ lára pátákó, nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Bí idẹ bá wà lórí ìṣó, ẹnu ti padé. Bí idẹ bá wà nínú ọkọ̀, ẹnu ṣì wà ní ṣíṣí. Kò sí ìwé nínú rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì náà ni ọkùnrin tí mo ní mi ò ní bọ̀wọ̀ fún yẹn. Apàlọ́ ni wọ́n ń pè é. Gírísì lè bò ó dé ọrùn lábẹ́ ọkọ̀, kó ṣáà yọ orí jáde kó ké pé, "Àlọ́ o!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì sọ òòlù sílẹ̀, wọ́n á dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ọ̀rẹ́ kò-rí-kò-sùn. Abọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹun ọ̀sán. Òun ló ra bàtà tí mo wọ̀ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó sì tóbi fún mi débi pé màmá mi ki aṣọ bọ imú rẹ̀ méjèèjì.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ọkọ̀ náà rì. Ọkọ̀ ẹrù ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ nínú ọgbà níbẹ̀ fún àtúnṣe. Omi dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ìjì, kò sí ẹrù nínú rẹ̀, kò sì lu. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ní nǹkan bí aago méje, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì wọ inú omi lọ. Kúùkù ọkọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó sùn síbẹ̀ nítorí pé ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ máa kó oúnjẹ ìrìn-àjò wọlé, ó sì fẹ́ fọ ilé ìdáná rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dé. Omi ló ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì pé ogójì ọdún.

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fa ọkọ̀ náà sókè. Apàlọ́ ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ lọ, nítorí òun ni ọ̀gá. Ó pẹ́ kó tó jáde, nígbà tó sì jáde, ó káwọ́ lérí. Ó ní ẹnu ìsàlẹ̀ ṣí gbayawu, idẹ mẹ́rìnlá sì wà lórí irin rẹ̀.

Bàbá mi kọ́kọ́ jà. Wọ́n ní, "Mo tì í lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo yọ idẹ mi. Mo gbé e kọ́ sórí ìṣó, mo tiẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀." Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ gbé idẹ náà síwájú wọn lórí tábìlì, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ bá idẹ jiyàn sí?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Apàlọ́ wá sílé wa. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó ti bàbá mi, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, "Májòó, èyí tí o rántí yẹn, ti ọjọ́ Ẹtì ni. Ó ti rẹ̀ ọ́. Èèyàn ṣáà ni gbogbo wa." Bàbá mi ní rárá. Ó tún un sọ. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì, ó tún un sọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá mi gan-an ló ń sọ ọ́: ti ọjọ́ Ẹtì ni mo rántí, ó ti rẹ̀ mí. Wọ́n lé wọn níṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò tì wọ́n mọ́lé. Apàlọ́ ní òun ló bá wọn bẹ̀bẹ̀. Èmi àti màmá mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúnkún yìí, ẹ wò ó, èyí tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi lónìí, òun náà ni mo fi kúnlẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ omi olómi ni bàbá mi ń tún ṣe kiri láti ilé dé ilé. Níléèwé, "ọmọ ẹni tó ri ọkọ̀" lorúkọ mi. Màmá mi nìkan ni kò gbà. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹni tí kò lè gbàgbé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, odindi ọkọ̀ ló máa gbàgbé?" Bàbá mi á ní kí wọ́n dákẹ́.

Ọdọọdún, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà rì, bàbá mi á wẹ̀, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n á mú àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n á lọ sílé ìyàwó kúùkù. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ní, "Ìyá, èmi ni. Mo tún wá bẹ̀ yín." Ìyá náà ò ṣílẹ̀kùn rí. Bàbá mi á jókòó sórí àtẹ̀gùn títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ẹ̀rọ omi ìta bá ń jò, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì máa bọ̀ nílé. Ọdún méjìlélógún. Mo tẹ̀lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, mo rí aṣọ fèrèsé tó mì, mo sì rí ojú obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wò wá. Mo bínú sí i. Bàbá mi ní, "Má bínú sí wọn. Èmi ni mo pa ọkọ wọn."

Apàlọ́ ní tirẹ̀ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n fún un ní aago ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ rédíò kan gbà á, ó di ẹni tó ń pàlọ́ fún gbogbo ayé ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Á pàlọ́, àwọn olùgbọ́ á tẹ̀ ẹ́ láago, ẹni tó bá já a á gba fúláàsì. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin náà, á wá sílé mi, níbi tí bàbá mi ń gbé lẹ́yìn ikú màmá mi, bó ṣe ń wá sílé wa àtijọ́ látìgbà tí ọkọ̀ ti rì, òun àti bàbá mi á sì ta dráfù. Ó ní àga tirẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò mi. Mo rán tìmùtìmù sí i nítorí ìdí tó ń dùn ún. Kò sí ọjọ́ Àìkú kan tó pa jẹ láàárín ọdún méjìlélógún, ìgbà míì ó máa ń sọ fún bàbá mi, bó ṣe ń to ọmọ dráfù, pé, "Dárí ji ara rẹ, ọ̀rẹ́ mi."

Bàbá mi a máa gbọ́ ètò náà. Wọ́n máa ń já àlọ́ rẹ̀ kó tó pa á tán, wọn ò sì pe rédíò rí. Wọ́n ní, "N ò lè máa gba fúláàsì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi."

Oṣù tó kọjá ni Apàlọ́ gbé tuntun dé. Mò ń gé aṣọ lọ́wọ́, bàbá mi wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, rédíò wà láàárín wa.

"Àlọ́ o! Ilẹ̀kùn kan ń bẹ, ẹni méjì ló tì í. Ẹni àkọ́kọ́ tì í, ọkọ̀ léfòó. Ẹni kejì tún un tì, ọkọ̀ rì. Kí ni ilẹ̀kùn náà?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Oníbúrẹ́dì kan ní ẹnu ni. Mẹkáníìkì kan ní bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Tíṣà kan ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ. Apàlọ́ ń rẹ́rìn-ín, "Ó kù díẹ̀ káàtó! Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀!" Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí rédíò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àlọ́ ọkọ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa pa sí mi létí." Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, mo sì rò pé ibẹ̀ náà ló mọ.

Ìdí tó fi pàlọ́ yẹn, mi ò mọ̀ títí di òní. Àwọn kan ní ẹ̀rí ọkàn ló ń jẹ ẹ́. Èmi ò gbà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń pàlọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tèmi ni pé àlọ́ ló tán lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Ó rò pé kò sẹ́ni tó lè já a.

Ọ̀sẹ̀ kejì, kò sẹ́ni tó já a. Ní ọjọ́ Iṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, gáàsì mi tán. Sílíńdà mi àtijọ́ ti bàjẹ́, mo ra òmíì tí orí rẹ̀ yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì de rọ́bà mọ́. Bàbá mi bá mi so rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n fi sípánà fún un, wọ́n sì lọ jókòó. Èmi náà, ẹ mọ ojú ayé, mo ní kí n tún fún un díẹ̀ sí i, kó má baà jò. Mo fi sípánà mú un, mo yí i sí ọ̀tún. Ó ń yí wẹ́rẹ́. Mo ní àṣé bàbá mi ò tiẹ̀ fún un rárá, àgbà ti dé sí wọn. Mo ń yí i lọ. Kí n tó mọ̀, òórùn gáàsì ti gba gbogbo ilé ìdáná.

Bàbá mi sáré wọlé, wọ́n pa sílíńdà lórí, wọ́n ṣí fèrèsé. "Kí lo ṣe?"

"Mo fún un mọ́ ọn ni o! Ẹ ò fún un dáadáa."

"Mo fún un. Òsì ni wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì gáàsì sí kó tó fún. Gbogbo nọ́ọ̀tì ayé, ọ̀tún. Ti gáàsì, òsì. Èmi ti tì í, ìwọ tún wá tì í, o wá . . ."

 Wọ́n di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná mi, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé gáàsì ló ti gba ojú wọn. Mo ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ wọn.

"Ẹni méjì ló tì í," ni bàbá mi wí. "Ẹni méjì."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti kékeré. Irin ẹnu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹrà, tuntun ò sì sí. Bàbá mi ló wá òmíì rí lára ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n gbé e wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Òdìkejì ni wọ́n ṣe é: òsì ló ń tì, ọ̀tún ló ń ṣí. Bàbá mi lọ sọ fún Apàlọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Apàlọ́ ní, "Mo ti gbọ́," kò gbójú sókè. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àlọ́ kan sára ògiri. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì, òun kan náà ló gba bàbá mi nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ irin àlòkù yẹn níwájú ẹnikẹ́ni, pé wọ́n á ti ìdí rẹ̀ sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Bàbá mi gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́.

"Iṣẹ́ ọ̀gá ni kó lọ fọwọ́ kan gbogbo ẹnu ìsàlẹ̀ kó tó lọ sílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," bàbá mi ń wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo ti tì í. Ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn mi, ó rò pé kò fún tó. Ó yí i sí ọ̀tún, ó ń yí wẹ́rẹ́, ó ní àṣé Májòó ò tì í dáadáa. Ó yí i títí kò yí mọ́. Ó gbà pé òun ti tì í pa. Rọ́bà tó yẹ kó wà lódìkejì páìpù ò tíì dé, àkísà ni mo fi dí i, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gba inú àkísà wọlé díẹ̀díẹ̀, kò tilẹ̀ ní gbọ́ ìró rẹ̀."

Mo ní, "Àṣìṣe nìyẹn, bàbá mi. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Èmi náà ṣe é báyìí."

"Àṣìṣe ni." Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ṣùgbọ́n idẹ mi wà lórí ìṣó. Inú ọ́fíìsì ni ìṣó wà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹni yẹn náà ló kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n fà á sókè. Idẹ ò ní ẹsẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe."

 Wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, wọ́n ní, "Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ló ń dùn mí. Ó ń wá síbí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá síbí, ó ń sọ pé kí n dárí ji ara mi." Wọ́n bú sẹ́kún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún nígbà tí màmá mi kú.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Inú bí mi débi pé mo ti wọ bàtà, mo ní ilé Apàlọ́ ni mò ń lọ, àti òun, àti fúláàsì, àti tìmùtìmù, gbogbo rẹ̀ ni màá fọ́ túútúú. Bàbá mi di aṣọ mi mú. Wọ́n ní, "Jókòó. Ibi tí wọ́n bá ti pàlọ́ ni wọ́n ti ń já a."

Ọjọ́ mẹ́rin tó kù náà gùn. Bàbá mi ò jẹun dáadáa. Mo rí wọn tí wọ́n dúró nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń tì í, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bíi pé ọwọ́ àjèjì ni. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n fi ka ọwọ́ náà sí ọwọ́ apànìyàn.

Aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Mo gbé fóònù fún bàbá mi. A ti yí rédíò sílẹ̀ díẹ̀, a ṣì ń gbọ́ ọ.

"Olùgbọ́ wa, ẹ kú ọ̀sán o! Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹni tó fẹ́ já àlọ́ ni," bàbá mi dáhùn.

 Apàlọ́ mọ ohùn náà. Ẹni tó ti ń gbọ́ ọ fún ogójì ọdún, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? "Ẹ . . . ẹ máa wí, a ń gbọ́ yín."

"Ilẹ̀kùn náà ni ẹnu ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Òsì ni wọ́n ń yí i sí kó tó tì. Ẹni àkọ́kọ́ mọ̀, nítorí òun ló gbé e síbẹ̀. Ó tì í, ó gbé idẹ rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó, ó lọ sílé. Ẹni kejì dé, wọ́n ti sọ fún un, kò fetí sí i. Ó rò pé òun ń tì í, ó ń ṣí i. Ọkọ̀ rì, èèyàn kan kú sínú rẹ̀. Ṣé mo gbà á?"

 Mo gbọ́ tí bébà ń dún. Mo gbọ́ èémí. Ẹ gbà mí gbọ́, lásìkò yẹn mo ṣì ń gbàdúrà fún ọkùnrin náà. Mo ní, Ọlọ́run, jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kò ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà ní, "Ẹ gbà á," a ó ti dárí ọ̀pọ̀ jì í.

"Ó kù díẹ̀ káàtó, bàbá," ni Apàlọ́ wí. "Ẹ ò gbà á. Ẹ ṣeun, ẹ máa gbọ́ wa."

Ó pa fóònù. "Ẹ" ló pè wọ́n, bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Ilé rédíò fi orin kan sí i, nígbà tí orin náà tán, Apàlọ́ ní àlọ́ náà ti pẹ́ jù nílẹ̀, òun á já a fúnra òun: ìpéǹpéjú ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀ ni ilẹ̀kùn náà, ó sùn lọ ni ọkọ̀ fi rì. Mo kígbe mọ́ rédíò, "Ẹni méjì ló ń ti ìpéǹpéjú ẹnì kan?" Oníbàárà mi kan tó wà níta kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan.

Bàbá mi kàn gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì fi aṣọ tí mo gé kù nù ún. Wọ́n ní, "Mo ti já a."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwa fi ọdún méjì lé e. Nígbà tí òtítọ́ sì wá bá a, irọ́ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́rin ku díẹ̀, bàbá mi to dráfù sórí tábìlì bí wọ́n ṣe máa ń tò ó, funfun lọ́dọ̀ tiwọn, dúdú lọ́dọ̀ àga onítìmùtìmù. Mo bi wọ́n pé kí lèyí. Wọ́n ní, "Bóyá ó máa wá." Aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin ààbọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjìlélógún, àga náà ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá mi ń wo ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i pé wọ́n ṣì ń retí rẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo dìde, mo mú igi ìwọnṣọ mi dání. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, èmi náà ò mọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló dúró níta, wọ́n wé gèlè tó ti pẹ́, wọ́n gbé báàgì kékeré há abíyá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí ojú yẹn rí, lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. Igi ìwọnṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ti dìde. "Ìyá," ni wọ́n wí.

Ìyàwó kúùkù wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó, wọ́n wo àga méjèèjì, wọ́n jókòó sórí èyí tó ní tìmùtìmù. Wọ́n gbé báàgì wọn lé ẹsẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ bàbá mi fún ìgbà pípẹ́.

"Èmi náà ń gbọ́ rédíò," ni ìyá náà wí. "Mo mọ ohùn yín. Ọdọọdún ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó ti ilẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ẹ sì tì í?"

"Mo tì í."

Obìnrin náà mi orí, omijé ń bọ́ sórí báàgì wọn, wọn ò nù ún. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun tí wọ́n bá wá. "Ta wá ni ẹni kejì?"

Bàbá mi wo dráfù tó wà níwájú ìyá náà, gbogbo ọmọ dúdú tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn.

"Ẹni tó sọ pé mi ò gbà á ni."